Ta Ló Tọ̀ Sórí Ibùsùn Ajá?

Ẹ̀yìn Oko Ọba, Agége
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìn-ín-ní, 2025

Muhydeen àbúrò mi,

Àsàlámù àlékùm. Báwo ni òtútù ọ̀hún? Olútóyìn ìyàwó rẹ ńkọ́? Ara tèmi le, ọyẹ́ nìkan ni kò jẹ́ kí ètè gbádùn. Simbiat, telọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé o ó máa sọ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mi ò ní í pè. Ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù nígbà Iléyá, o ní o ò sọ ọ́. Èyí tí èmi sọ, o ní ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo sọ. Ìwé kì í sẹ́. Ohun tó bá ti kan ilé yìí, orí ìwé ni kó máa wà.

Àlejò rẹ dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń wọn eèrí àgbàdo fún ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ ní Ìjú, ni ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó gbá páálí mọ́ àyà.

"Màdámù, Job ni mí, láti Ọgbà. Ọ̀gá tó wà ní Lẹ́stà, Ìlú Ọba, ní kí n gbé ajá wá."

Mo ní, "Ajá wo? Ta ló ní òun fẹ́ ajá?"

Ó ní, "Wọ́n ti sanwó, Mà." Ó ṣí páálí. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá tí kò tíì gbẹ lọ, ó ń gbọ̀n. Kí n tó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti lá mi.

Muhydeen, ṣé o ti gbàgbé ilé tí wọ́n ti bí ọ ni? Ilé tí a ti ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, o gbé ajá wọ̀ ọ́, o ò béèrè. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti jẹrà ni mo ní kí o bá mi tún ṣe. Mo bi Job pé èló ni wọ́n ń ta irú ajá báyìí. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ọgbọ̀n náírà. Ilẹ̀kùn irin tí alágbẹ̀dẹ ìkóríta bu owó lé kò tó bẹ́ẹ̀.

Job gbé fóòmù pẹlẹbẹ kan lé e, ó ní ibùsùn rẹ̀ nìyẹn, pé o ní inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ni kó máa sùn. Ajá ti lá fóòmù náà látòkè délẹ̀. Kí n tó lè gbé e, mo fọ̀ ọ́ bí ẹ̀sìn ṣe ní ká fọ ohun tí ajá bá lá: ẹ̀ẹ̀meje, ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú iyanrìn. Omi tí mo fowó rà ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ológbò mi ń sùn láti ọdún méje, Sẹ́gi tó jẹ́ abo àti Gọ̀mbọ́ tí ojú rẹ̀ kún fún ilà. Kí wọ́n tó dé, eku ń jẹ àpò àgbàdo kan tán lóṣù. Àtìgbà tí wọ́n ti dé, mi ò rí ìrù eku. Wọn ò tọ̀ sílé rí. Mo ti kọ́ wọn láti kékeré: bàsíà oníyanrìn wọn wà lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé gan-an nìyí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ajá dé ni Adésànyà ọ̀rẹ́ rẹ wá pẹ̀lú téèpù, ó ń wọn ṣọ́ọ̀bù mi láti ògiri dé ògiri. Mo ní kí ló ń wọ̀n. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣèyọnu." Ẹni tó bá ní kí n má ṣèyọnu, òun ni mo máa ń bẹ̀rù. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣọ́ ilé yìí fún ọ. Bí o bá fẹ́ kí n jáde, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ kí n kà á.

Mo ti sọ ajá náà lórúkọ. Kòbéèrè ni mo pè é.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrínọlá

*

Leicester
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìn-ín-ní, 2025

Àǹtí mi,

Wàálékùm sàlámù. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Olútóyìn kí yín, ó kúnlẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí ẹ ti ní "o ṣeun". Mi ò rí i. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé wọ́n wọ ilé kejì, wọ́n tú pọ́ǹpù omi wọn lọ. Láti ìgbà náà oorun ò kùn mí. Bí mo bá dé láti ibiṣẹ́ láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń rò ni pé ẹ̀yin àti Simbiat nìkan lẹ wà nínú ilé ńlá yẹn. Mo ní kí n wá ohun tí yóò máa gbó. Ilẹ̀kùn kì í gbó, Àǹtí.

Ní ti orúkọ tí ẹ sọ ọ́, Olútóyìn rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílé wa? Ajá ló ń jẹ́ orúkọ, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ẹ jọ̀ọ́, Rocky ni orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ìwé abẹ́rẹ́ tí Job fún yín.

Adésànyà kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dà la fẹ́ kùn.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má gbé ajá náà sí ìta, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ẹ má jẹ́ kí ibùsùn rẹ̀ tutù. Kí àwọn ológbò yín sì jìnnà sí i. Kò pé ọdún kan mọ́ tí n ó wálé, mo fẹ́ bá a lórí ìdúró.

Àbúrò yín,
Muhydeen

*

Ẹ̀yìn Oko Ọba, Agége
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2025

Muhydeen,

Àlàáfíà fún ọ. O ṣeun. Ó ti wà lórí ìwé báyìí, o lè dẹ́kun wíwá a.

Àwọn ológbò ń tọ̀ sórí ibùsùn ajá. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ sí ọ nítorí mo mọ ohun tí o máa sọ, ṣùgbọ́n ó ti kọjá bíbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ́ fóòmù náà ló bẹ̀rẹ̀. Mo jí ṣàlùwàlá, mo bá Gọ̀mbọ́ lórí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wa ibẹ̀ díẹ̀, ó lóṣòó, ó sì ń wò mí lójú kòró, ojú ò tì í. Ajá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ibùsùn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba yàrá mọ́ lọ́wọ́. Mo ju bàtà lu Gọ̀mbọ́. Ọjọ́ kejì, Sẹ́gi ni. Sẹ́gi tí kò dójú tì mí rí!

Mo fọ fóòmù. Mo sá a sórí òkìtì iyanrìn tí àwọn bíríkìlà rẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni oòrùn ń dé. Ó gbẹ, mo tẹ́ ẹ. Wọ́n tún tọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n tọ̀ ọ́. Mo fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n tọ̀ ọ́. Simbiat ní kí n da bílíìṣì sí i. Èyí ló wá burú jù, àfi bíi pé mo bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ fún wọn. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ti fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀meje méje, iyanrìn lákọ̀ọ́kọ́ nígbà gbogbo, torí mi ò lè ki ọwọ́ bọ itọ́ ajá kí n wá lọ gbé e síwájú Ọlọ́run. Ṣírò ẹ̀. Ìfọ̀ ọgọ́ta ó lé mẹ́ta. Ọwọ́ mi ti bó. Omi tí mo ń rà fún ibùsùn ajá ti ju èyí tí èmi fi ń wẹ̀ lọ.

Simbiat ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ọmọ onílẹ̀ ni àwọn ológbò yín. Ajá wá kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn láìfojú kàn wọ́n, wọ́n ń gbowó ìpìlẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi.

Ọkùnrin Ìjú wá ra eèrí ní Sátidé, ó yín imú sókè. Ó ní, "Ìyá Eléèrí, ìtọ̀ ológbò lẹ fi ń pò ó báyìí?" Àpò mẹ́rin ló máa ń rà. Méjì ló rà.

Ajá náà ń sunkún bí ilẹ̀ bá ti tutù. Èmi kì í ṣe ìkà. Mo ti fa aṣọ kan tí mi ò lò mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Má bi mí pé aṣọ wo.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀dà lo ní ẹ fẹ́ kùn. Ògiri ni wọ́n ń kùn ní ọ̀dà, Muhydeen. Ilẹ̀ ni Adésànyà wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrínọlá

*

Leicester
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, 2025

Àǹtí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn nítorí mi ò fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Job wá fún Rocky lábẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò sí nílé. Ó ní nígbà tí òun tẹ fóòmù náà, iyanrìn ń dà jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ àpò sìmẹ́ǹtì tó ya. Ó gbọ̀n ọ́n, iyanrìn kún ilẹ̀. Ó ní òun ti ń ta ajá láti ọdún mẹ́sàn-án, òun ò rí ológbò tó ru iyanrìn wá sórí fóòmù rí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹni tó wà nílé yẹn ò fẹ́ ajá yìí."

Àǹtí, ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa wà lórí ìwé. Ta ló tọ̀ sórí ibùsùn ajá? Ṣé ológbò ni, àbí iyanrìn ìtọ̀ inú bàsíà ológbò lẹ ń dà síbẹ̀ kí n lè ní kí Job máa gbé e lọ?

Ẹ bi mí ní ti ilẹ̀ tí Adésànyà wọ̀n. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Ẹnì kan fẹ́ fi iwájú ilé ṣe kẹ́míìsì. Owó ilé tí mò ń san níbí ti borí mi, mi ò lè jẹ́ kí iwájú ilé tó kọjú sí títì máa gbé àpò eèrí. Mo ní kí ẹ kó ọjà yín sí àgọ́ ẹ̀yìnkùlé. Yàrá yín ṣì jẹ́ yàrá yín. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe kẹ́míìsì kò sì ní í gba ilé tó ń rùn ìtọ̀ ológbò.

Bí ibùsùn yẹn kò bá gbẹ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, Adésànyà yóò wá kó àwọn ológbò náà lọ. Mo ti bá a sọ ọ́.

Muhydeen

*

Ẹ̀yìn Oko Ọba, Agége
Ogúnjọ́, oṣù kejì, 2025

Muhydeen ọmọ ìyá mi,

Mi ò kí ọ lónìí.

Ọwọ́ yìí ló ń nu ìdí rẹ nígbà tí ìyá wa wà lórí àìsàn. Mo wà ní ìwé kẹfà, wọ́n ní kí n jókòó sílé tọ́jú ọmọ, mo jókòó. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. O ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí títí di òní. Ọwọ́ yìí kan náà lo wá ní ó ń bu ìtọ̀ ológbò láti fi lé ajá jáde.

Iyanrìn wà nínú fóòmù, òótọ́ ni. Èmi ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì ti kọ ọ́ sí ọ nínú lẹ́tà méjèèjì. Lọ kà wọ́n. Òfin tí Ànábì fi lélẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé, ìwọ tí o ti gbàgbé ẹ̀ ló ń ṣe bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì. Lọ́la Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, n ó bi Álúfà Abdulqoyum lójú gbogbo àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí pé ṣé mo ṣe é dáadáa àbí mi ò ṣe é dáadáa. N ó kọ ìdáhùn wọn sí ọ, kí ojú lè tì ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn, ilé rẹ ni, mi ò jà. Ṣùgbọ́n má ṣe rán Adésànyà sí ológbò mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Kó má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n.

Àrínọlá

*

Leicester
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, 2025

Àǹtí mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá tí mo ti ń retí ohun tí Álúfà sọ. Ẹ ò kọ̀wé. Mo ní kí Simbiat bá mi béèrè, ó ní ẹ ní kí òun má dá sí i. Mo wá gbà pé ohun tí Álúfà sọ kò bá yín lára mu.

Adésànyà ṣe bí a ṣe sọ, lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ṣùgbọ́n ó padà wá wo ibùsùn ní ọjọ́ kẹrin, ó gbẹ, kò sí òórùn. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Àwọn ológbò lọ, ibùsùn gbẹ. Ṣé ẹ rí i, Àǹtí? Mo tọrọ àforíjì pé mo rò pé ẹ̀yin ni. Àwọn ni, wọ́n sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjà parí síbẹ̀.

Oní-kẹ́míìsì yóò wọlé ní oṣù kẹrin.

Àbúrò yín,
Muhydeen

*

Ẹ̀yìn Oko Ọba, Agége
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, 2025

Muhydeen,

Ààwẹ̀ á gbà. Jókòó kí o tó ka èyí.

Mo lọ bá Álúfà ní Jímọ̀ yẹn bí mo ṣe sọ. Mo ro gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje, iyanrìn, fóòmù. Álúfà ní, "Àlájà, abọ́ tí ẹ̀yin fi ń jẹun, tí ajá bá lá a, òun ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi erùpẹ̀ fọ̀. Ibùsùn ajá, ajá ló ni ín. Àbí ó fẹ́ máa kírun lórí ẹ̀ ni?"

Gbogbo àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ló bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń ta tùràrí fẹ̀yìn lélẹ̀. Álúfà ní, "Ẹ sá ti wẹ ọwọ́ yín, ó parí." Ibẹ̀ ni nǹkan là mí lójú. Muhydeen, kí ni mo fi kọ́ ológbò láti kékeré? Pé ibi tí iyanrìn bá wà ni kó ti tọ̀. Mo wá kó iyanrìn sínú fóòmù, mo sá a sórí iyanrìn, mo tẹ́ ẹ síwájú wọn. Bí wọ́n bá tọ̀, mo tún kó iyanrìn tuntun sí i. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni mò ń pè wọ́n wá. Ojú kòró tí Gọ̀mbọ́ fi ń wò mí yẹn, ó ń ṣe ohun tí mo kọ́ ọ ni. Mo sì ju bàtà lù ú.

Mo délé, mo gbé fóòmù náà jù sẹ́yìn, mo ká àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́rin lé ara wọn, mo tẹ́ aṣọ lé e. Ó gbẹ lọ́jọ́ kejì. Ó gbẹ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹrin, mo bá Sẹ́gi tó sùn ti ẹ̀yìn ajá, ajá gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́rùn, àwọn méjèèjì ń hanrun.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ibùsùn yẹn ti gbẹ kí Adésànyà tó dé.

O ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ọ́. Nítorí iyanrìn ni. Job ní iyanrìn ni, ìwọ náà ní iyanrìn ni, ó sì jẹ́ iyanrìn. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé o jàre. Lálaalẹ́ ni mò ń mú ìwé, mo ń kọ "Muhydeen àbúrò mi", mo ń fà á ya. Mo ní kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná, kí ọkàn mi rọ̀. Èyí tí mo jẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní í dì í rù ọ́.

Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lọ sanwó ọjà ní Ọgbà. Simbiat ló rí i. Adésànyà mú ẹja gbígbẹ wá, ó fi tan wọ́n, ó ki wọ́n sínú àpò. Simbiat ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí Àǹtí dé." Ó ní, "Onílé ló rán mi. Ṣé ìwọ ni onílé?" Ajá tí o rà kó máa gbó olè, Simbiat ní ńṣe ló ń jùrù fún un, ó ń fi imú ti àpò náà bíi pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Oko Ọba ló lọ tú wọn sí, níbi tí wọ́n ti ń pa màálù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá wọn, lórí ààwẹ̀, láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màálù. Ràsákì alápatà ń wò mí, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó ní, "Ìyá Eléèrí, ológbò tó ti dé ibi tí wọ́n ti ń ju ẹ̀dọ̀fóró nù, eèrí lẹ fẹ́ fi pè é wálé?" Mo rí Gọ̀mbọ́ lórí ògiri. Mo pè é. Ó wò mí, ó mọ̀ mí. Ó la ẹnu, kò bọ́ sílẹ̀. Sẹ́gi, mi ò rí i. Mo rí ìrù kan nínú gọ́tà, mi ò sún mọ́ ọn.

Àpò àgbàdo méjì ló ti lu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Eku ti gbọ́ pé wọ́n ti lọ.

Mo ti gba ìsọ̀ kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà Oko Ọba, mo ti san ti oṣù mẹ́ta. Yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó parí n ó ti kó tán, ọjà àti ẹrù mi. Má ní o lé mi. O ò sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ dúró gbọ́ ọ lẹ́nu Adésànyà.

Ibùsùn ajá: àpò ìrẹsì ni, kì í ṣe fóòmù. Kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí iyanrìn má ṣe kan án.

Àrínọlá

*

Leicester
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, 2025

Àǹtí mi, ìyá mi,

Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ má lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ká ní ẹ kọ ọ́ ní Jímọ̀ yẹn, ìlà kan péré, ǹ bá dá Adésànyà dúró. Ká ní mo sì pè yín, ǹ bá mọ̀. Gbogbo wa la jẹ̀bi.

Ti ṣọ́ọ̀bù ni mi ò lè yí padà. Oní-kẹ́míìsì ti san ti ọdún kan, owó náà ti wọ owó ilé wa níbí. Ṣùgbọ́n yàrá yín wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. N ó ra ológbò mìíràn fún yín, Job ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Bí ẹ bá sì kó lọ, Àǹtí, ta ni yóò máa fún Rocky lóúnjẹ?

Muhydeen

*

Ìsọ̀ Eléèrí, ẹnu ọ̀nà Oko Ọba
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, 2025

Muhydeen,

Àlàáfíà fún ọ. A ti ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀. Orí àpò àgbàdo ni mo jókòó sí jẹ ìrẹsì ọdún, Simbiat ló gbé e wá. Mi ò dá ọ lóhùn títí di ìsinsìnyí nítorí ìbéèrè ìkẹyìn tó wà nínú lẹ́tà rẹ. Mo kà á fún Simbiat, ó ní, "Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn o." Ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ gbèsè ìdáhùn. Adésànyà ló ń fún un lóúnjẹ. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Ológbò tí Job fẹ́ tà fún ọ, jẹ́ kó fi sílẹ̀.

Lánàá mo lọ síbẹ̀ lọ kó ìkòkò méjì àti òṣùwọ̀n mi tó kù. Wọ́n ti kun iwájú ilé ní funfun, wọ́n ti to oògùn sí ibi tí mo ń to eèrí sí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ajá náà ti ga dé orúnkún mi. Ó wà lórí àpò ìrẹsì rẹ̀, ó gbẹ, kò rùn, mo wò ó dáadáa.

Ó gbórí sókè. Ó wò mí. Ó dìde, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ nà ró, ó sì gbó mi.

Mi ò gbọ́ gbígbó rẹ̀ rí, àfi ẹkún. Ní gbogbo oṣù tí mo fi ń fọ ibùsùn rẹ̀, kò gbó ẹnikẹ́ni. Mo ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Oní-kẹ́míìsì yọ orí, ó ní, "Ẹ má bínú o, Mà. Ta lẹ wá bá?" Mo ní ìkòkò ni mo wá gbé.

Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbó, ó ń fi eyín hàn mí, títí mo fi bọ́ sí títì.

O lè sùn báyìí. Ajá rẹ ti mọ iṣẹ́.

Àrínọlá